Fíìmù àgbáyé ni kí n kọ́kọ́ náwó sí ni, àbí kásẹ́ẹ̀tì tí ń bàjẹ́ nílé?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olólùfẹ́ fíìmù. Ìbàdàn ni mo ń gbé. Lójú tèmi, kò sí olùdarí fíìmù tó ju Ousmane Sembène ará Sẹ̀nẹ̀gà lọ nílẹ̀ adúláwọ̀. Ó ya Mandabi ní èdè Wolof ní 1968, ọ̀rọ̀ ẹnu aráàlú gan-an lẹ máa gbọ́ níbẹ̀. Satyajit Ray ará Íńdíà ni mo fi ṣìkejì. Sùúrù tó wà nínú fíìmù rẹ̀ Pather Panchali (1955) wù mí ju ìbọn yíyìn Hollywood lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ní Houston fẹ́ fi Blu-ray (irú díìsìkì fíìmù kan) Mandabi tí Criterion, ilé iṣẹ́ fíìmù Amẹ́ríkà, gbé jáde ránṣẹ́ sí mi. Àmọ́ wọ́n pín díìsìkì àti ẹ̀rọ Blu-ray sí agbègbè agbègbè: Region A ni ti Amẹ́ríkà, Region B sì ni ti Áfíríkà, ẹ̀rọ mi ò ní gbà á. Ṣé kí n ra ẹ̀rọ tó ń gba díìsìkì gbogbo agbègbè ni?

Owó yìí kan náà ni mo fẹ́ fi gba àwọn kásẹ́ẹ̀tì fídíò VHS mi là, irú bíi Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ (1993) ti Túndé Kèlání. Àwọn kan ti ń bu, nǹkan funfun ti hù sára téèpù wọn. Láti 2016 sì ni ilé iṣẹ́ Funai ti Japan ti ṣíwọ́ ṣíṣe ẹ̀rọ VHS. Àlòkù nìkan la lè rí rà.

Ọkàn mi ń fà sí kásẹ́ẹ̀tì, torí Mandabi ṣì wà lọ́jà. Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ mọ̀ ní Ìbàdàn tàbí Èkó tó ń sọ kásẹ́ẹ̀tì di fáìlì kọ̀ǹpútà láìba téèpù jẹ́? Báwo la sì ṣe ń nu nǹkan funfun yẹn kúrò?