Ẹ pe ìyá mọ́ ọmọ: ìrírí wa lórí eré ìdárayá láàárín àwọn ọmọbìnrin Latina

Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin àdúgbò mi ń jẹ mí lọ́kàn, ẹni tó bá ní ìrírí kó sọ ọ́. Alief ni mò ń gbé. Àwa ọmọ Nàìjíríà pọ̀ níbẹ̀, àwọn tó wá láti Mẹ́síkò, Honduras àti El Salvador, ìyẹn àwọn Latino (Latina fún obìnrin), náà pọ̀, a jọ ń gbé fúláàtì kan náà ni. Tẹ́ ẹ bá wo ìta nírọ̀lẹ́, àwọn ọmọkùnrin ló ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn ọmọbìnrin á ti wọlé. Ọmọbìnrin tó bá jẹ́ àkọ́bí ló ń tọ́jú àbúrò títí ìyá á fi dé láti ibi iṣẹ́, ẹ̀rù ohun tó lè ṣẹlẹ̀ níta sì ń ba ìyá. Tí ọmọ bá wá ń sún mọ́ ọdún 15 tí wọ́n máa ń ṣe quinceañera fún un, ìyẹn àríyá pé ó ti ń di obìnrin, ọ̀pọ̀ ìyá á ní kó fi eré sísá sílẹ̀. Àwa náà gbọ́ "ṣé ọkùnrin ni ẹ́?" nílé wa, ó yẹ kó yé wa.

Ilé ìwé kan nítòsí gbé eré ìdárayá ọ̀fẹ́ kalẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin. Ọmọ tó wá kò tó nǹkan. Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ìwé sáwọn òbí, aago mẹ́rin ọ̀sán ni wọ́n fi í sí, kò sì sẹ́ni tó pe ìyá sí i.

Ìyá ará Mẹ́síkò kan tá a jọ múlé gbera ló yí nǹkan padà. Òru ló ń lọ tọ́jú ọ́fíìsì. Nírọ̀lẹ́ Sátidé kan, nígbà tí oòrùn ti rọlẹ̀ (ooru Houston lóṣù kẹjọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń bá ṣeré), ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ìlà síbi ìgbọ́kọ̀sí, ó kọ nọ́ńbà sínú rẹ̀. Sùwé ni! Avioncito ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ tiwọn. Ó ju òkúta, ó fi bàtà iṣẹ́ fò ó láti ìsàlẹ̀ dókè, ó yí padà lórí ẹsẹ̀ kan, kò ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 12, ń wò ó bíi pé kò rí i rí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, tìyá-tọmọ ti ń bára wọn díje. Èmi náà bọ́ sí i, mo kọ́ wọn ní ten-ten. Ní báyìí, àwọn ìyá fúnra wọn ló ń pe ara wọn ní Sátidé, wọ́n sì ń kó àwọn kéékèèké dání, kí àkọ́bí má bàa jókòó sílé nítorí àbúrò.

Nọ́ọ̀sì, Bronx

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́. Ìyá ará Dominican Republic kan mú ọmọ rẹ̀ wá bá wa. Ẹ̀yìn ọrùn ọmọ náà dúdú, ó ki, ó rí bí aṣọ àrán. Ìyá rò pé ìdọ̀tí ni, ó ti fi kànrìnkàn àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ títí awọ fi bó. Irú dúdú bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àmì pé insulin, èròjà tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ lára ọmọ, ìtọ̀ ṣúgà oríṣi kejì sì lè tẹ̀ lé e. Àjọ CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbógun ti àrùn, sọ pé ó lé ní ìdajì nínú àwọn àgbàlagbà Latino ní Amẹ́ríkà tó ṣeé ṣe kí àìsàn yìí mú láyé wọn. Ti gbogbo ará Amẹ́ríkà lápapọ̀ jẹ́ nǹkan bí 40%.

Ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́ ló yẹ kí ọmọ ọdún 6 sí 17 fi máa lo ara, àgbàlagbà sì nílò ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Tí mo bá kà á báyẹn fún ìyá tó ṣiṣẹ́ di alẹ́, á kàn mi orí ni, á sì lọ. Mo wá bi í pé kí ló máa ń ṣe tí bachata bá ń dún nílé. Ọmọ ló dáhùn: "Mami máa ń jó nídìí ààrò." Mo ní kí wọ́n jọ máa jó lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kí ijó náà le débi pé wọ́n á lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n wọn ò ní lè kọrin. Wọn ò mọ̀ pé ijó wà lára eré ìdárayá, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn rí. Nígbà tí wọ́n padà wá, ìyá ló kọ́kọ́ sọ pé òun ti ń sùn dáadáa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá rí irú ọrùn yẹn lára ọmọ, ẹ má bó o mọ́. Ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Awakọ̀, Los Angeles

Lọ́dọ̀ tiwa, láti ọdún 2010 ni ètò kan tó ń jẹ́ CicLAvía ti ń ti títì ńlá pa fún mọ́tò láwọn Sunday kan, ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ló ń ni ín. Ìlú Bogotá ní Kòlóńbíà ni wọ́n ti rí i kọ́. Àwọn yẹn ti ń ṣe é láti 1974, ní gbogbo Sunday àti ọjọ́ ìsinmi, láti aago méje àárọ̀ sí méjì ọ̀sán, títì tí wọ́n ń tì sì lé ní kìlómítà 120. Ní àdúgbò Boyle Heights níbí, mo rí ìyá kan lórí kẹ̀kẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin di ìjókòó mú lẹ́yìn, ó ń pariwo "dale, Mami!" (ó yá, Mọ́mì!). Ìyá ṣubú, ó gbọn eruku nù, ó tún gùn ún. Kò sí mọ́tò tó lè gbá wọn, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti sọ ti ọrùn yẹn fún aládùúgbò mi, ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun kan rí bẹ́ẹ̀, òun á pè wọ́n lálẹ́ yìí. Èmi àti ẹ̀ jọ ń lọ sí ìpàdé òbí lóṣù tó ń bọ̀, ká lè ní kí wọ́n sún eré náà sí aago mẹ́fà, kí wọ́n sì fi èdè Spéènì kọ ìwé. Ẹni tó bá ti bá ilé ìwé sọ irú rẹ̀ rí, ẹ bá mi dá sí i.