Lọ́ọ̀jì sàfárì fún ọjọ́ márùn-ún láti Ìlọrin: Mole, Mara tàbí Sabi Sand?

ỌmọPàkátà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwa mẹ́ta la fẹ́ lọ wo ẹranko nínú igbó: èmi, ìyàwó mi, àti ìyá mi tó ti lé ní 70 ọdún, tí orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n lè gun nǹkan gíga. Ọjọ́ márùn-ún péré la ní, àtilọ àtibọ̀, nínú oṣù Kejì ọdún 2027. Ilé tó dára la fẹ́, tí omi gbígbóná wà, tí a ti máa rí oúnjẹ halal jẹ. A ti wo fọ́tò títí ó fi sú wa. Gbogbo wọn ló lẹ́wà, gbogbo wọn ló ní adágún ìwẹ̀. Mole ní Ghana, Maasai Mara ní Kẹ́ńyà àti Sabi Sand ní Gúúsù Áfíríkà la kọ sílẹ̀. Àwọn kan tún ń bi wá pé kí ló dé tí a ò lọ sí Kainji tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa níbí. Kí ni kí a wò ká tó mú ọ̀kan? Kí ló sì máa ń dà á rú tí fọ́tò ò ní í fi hàn?

Ọmọ Ẹrìn-Ilé

Ẹ kú ètò o. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ adágún ìwẹ̀ tì ná. Ẹni tó ní ọjọ́ márùn-ún, iye ìgbà tí ọkọ̀ máa gbé e wọ igbó ni kó kọ́kọ́ kà. Lọ́ọ̀jì tó mọṣẹ́ máa ń gbé àlejò jáde lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ní nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀ àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, torí pé bí oòrùn bá ti mú, abẹ́ igi ni ọ̀pọ̀ ẹranko máa ń wà. Òru méjì á fún yín ní ìjáde mẹ́rin, bí ẹ bá débẹ̀ kó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán. Bí ẹ bá dé ní aago márùn-ún, ó ti di mẹ́ta nìyẹn, owó òru méjì náà sì ni ẹ máa san. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè iye tí yàrá jẹ́, ẹ béèrè aago tí ọkọ̀ òfurufú kékeré tó ń gbé àlejò wọ igbó máa gúnlẹ̀ àti iye ìṣẹ́jú láti ibẹ̀ dé lọ́ọ̀jì.

Ohun kejì ni irú ilẹ̀ tí lọ́ọ̀jì wà. Ẹ wo Mara. Igbó ìjọba wà níbẹ̀, Maasai Mara National Reserve, nǹkan bí 1,510 km². Àwọn ilẹ̀ àdáni tí wọ́n ń pè ní conservancy wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: Olare Motorogi, Naboisho, Mara North àti àwọn mìíràn. Àwọn Maasai ló ni ilẹ̀ wọ̀nyí, wọ́n fi yá àwọn lọ́ọ̀jì, owó ilẹ̀ sì ń wọlé fún wọn. Nínú igbó ìjọba, awakọ̀ ò gbọdọ̀ kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n là, kò sí ìjáde alẹ́, kò sí ìrìn ẹsẹ̀. Nínú conservancy, ọkọ̀ lè yà wọ inú koríko tẹ̀lé kìnnìún, ẹ lè jáde lálẹ́, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú afinimọ̀nà. Àlejò tó sùn síbẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà wọlé, ọkọ̀ márùn-ún ló sì máa ń jẹ́ òpin nídìí ẹranko kan. Lásìkò èrò nínú igbó ìjọba, kìnnìún kan ṣoṣo lè kó ọkọ̀ jọ bí Ọjà-Ọba lọ́jọ́ ọjà, ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹlòmíràn sì ni ẹ máa wò jù.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ o. Ọ̀pọ̀ lọ́ọ̀jì tó fi "Mara" sórúkọ, ìta géètì ló wà. Wọ́n lè dín owó kù fún yín, ṣùgbọ́n ẹ máa fi wákàtí tó yẹ kí ẹ fi wo ẹranko jóná lójú ọ̀nà láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó sì máa ra tíkẹ́ẹ̀tì ojoojúmọ́. Láti 2024, 100 dọ́là ni àgbàlagbà tó ti òkèèrè wá ń san lóòjọ́ láti oṣù Kíní dé oṣù Kẹfà, ó di 200 láti oṣù Keje dé ìparí ọdún. Aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni tíkẹ́ẹ̀tì náà ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe wákàtí 24.

Bí ó bá sì jẹ́ fídíò àwọn wildebeest (ẹranko oníwo tó ń jẹ koríko, tó ń rìn lágbo) tó ń wọ́ kọjá odò, tí ọ̀nì ń dúró dè wọ́n, ló fa ojú yín mọ́ Mara, oṣù Keje sí Kẹwàá nìyẹn. Nínú oṣù Kejì, gúúsù Serengeti ní Tanzania ni wọ́n wà, níbi tí wọ́n ti ń bímọ. Kìnnìún, erin, àgùnfọn àti ẹfọ̀n ṣì wà ní Mara, kò sí àní-àní, ilẹ̀ sì máa ń gbẹ dáadáa lásìkò yẹn. Oṣù Kẹrin àti Karùn-ún ni òjò ńlá, tí ilẹ̀ dúdú ibẹ̀ máa ń gbé ọkọ̀ mì.

Bí ọjọ́ márùn-ún yín ṣe máa rí nìyí. Ọjọ́ kìíní, Ìlọrin sí Lagos sí Nairobi, ẹ sùn síbẹ̀, torí pápákọ̀ ńlá kọ́ ni ọkọ̀ Mara ti ń gbéra, pápákọ̀ Wilson ni, ọ̀sán nìkan ni wọ́n sì ń fò. Ọjọ́ kejì, ẹ fò fún bí ìṣẹ́jú 45, ẹ jáde ní ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ kẹta, ìjáde méjì. Ọjọ́ kẹrin, ìjáde àárọ̀, ẹ padà sí Nairobi. Ọjọ́ karùn-ún, ilé. Ìjáde mẹ́rin gééré. Ọ̀nà ilẹ̀ láti Nairobi jẹ́ wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà, ó sì máa ń gbọn èèyàn. Ẹ má gbé Ìyá gba ibẹ̀.

Kílò 15 ni ẹrù ẹnì kan nínú ọkọ̀ kékeré yẹn, báàgì ọwọ́ wà nínú rẹ̀. Báàgì rírọ̀ ni kí ẹ gbé. Àpótí líle ò ní í wọ inú ihò ẹrù rẹ̀, kódà bí kò wúwo.

ÌyáÌgbómìnà

Gbogbo ohun tí Ọmọ Ẹrìn-Ilé sọ ló tọ́, àmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún pẹ̀lú àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, Mole ni èmi máa mú.

Ẹ ò nílò físà, ọmọ ECOWAS ni wá. Lagos sí Accra jẹ́ nǹkan bíi wákàtí kan lójú òfurufú, Accra sí Tamale náà bẹ́ẹ̀, ó wá ku bíi wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta lójú títì, gba Damongo àti Larabanga. Mọ́ṣáláṣí alámọ̀ àtijọ́ wà ní Larabanga, kò jìnnà sí géètì Mole rárá; ará Ìlọrin ò ní í kọjá kó má yà síbẹ̀.

Zaina Lodge ni ilé olówó tó wà nínú igbó náà. Mole Motel, tó wà létí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, kò tó o ní gbẹdẹmukẹ, ṣùgbọ́n ó rọjú jù ú lọ. Àwọn méjèèjì ló wà lókè adágún tí erin ti ń mumi, tí wọ́n sì ti ń wẹ̀. Ìdí rèé tí mo fi mẹ́nu kan orúnkún Ìyá. Ní àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀, láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kẹta, omi inú igbó ti gbẹ, àdúgbò adágún ni erin máa ń fi ṣe ilé. Ìyá lè jókòó sórí àga pẹ̀lú tíì wọn, kí erin máa bọ̀ wá bá wọn. Nígbà òjò, omi wà níbi gbogbo, koríko ga ju orí lọ, erin á túká sínú 4,800 km² yẹn, fọ́tò nìkan ni ẹ máa wò nínú yàrá tówó yín lọ sí.

Kìnnìún ńkọ́? Ẹ má fọkàn sí i níbẹ̀. Erin, oríṣiríṣi ẹtu àti àgbọ̀nrín, ìmàdò, ọ̀bọ àti ẹyẹ ni ti Mole. Bí kìnnìún bá jẹ́ dandan, ẹ lọ sí Mara, kí ẹ san owó Mara. Nípa àwọn ọ̀bọ yẹn, ẹ ti ilẹ̀kùn pa bí ẹ bá ń jáde. Wọ́n mọ báàgì oúnjẹ yàtọ̀ sí báàgì aṣọ.

Ohun tó máa ń da Mole rú ní àsìkò yín ni ọyẹ́. Eruku rẹ̀ lè bo ojú òfurufú Tamale mọ́lẹ̀, kí ọkọ̀ pẹ́ tàbí kó má gbéra rárá. Ẹ má so tíkẹ́ẹ̀tì Tamale–Accra àti Accra–Lagos pọ̀ lọ́jọ́ kan náà bí kì í bá ṣe iléeṣẹ́ kan ló tà wọ́n fún yín pọ̀. Bí ọkọ̀ àkọ́kọ́ bá pẹ́, ti ìkejì ò ní í dúró, owó rẹ̀ sì ti lọ nìyẹn. Ẹ sùn ní Accra lálẹ́ ọjọ́ kẹrin.

ỌdẹKwara

Lórí Kainji: igbó náà tóbi, 5,340 km², apá Borgu rẹ̀ wọ ilẹ̀ Kwara wa, erinmi sì wà nínú odò Olí. Ṣùgbọ́n ilé ìgbafẹ́ olówó ò sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ààbò lọ́nà Kaiama àti Baruten kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi àgbàlagbà dán wò. Ẹni tó bá fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ igbó náà fúnra wọn pé ó ṣí, pé ọ̀nà dára. Fún ìrìn-àjò yìí, ẹ jẹ́ kó sinmi.

ỌmọOlófà

Sabi Sand, ní kúkúrú: nǹkan bíi hẹ́kítà 65,000, kò sí ọgbà láàárín òun àti Kruger, igbó ìjọba ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láti 1993, kò sì sí ibi tó dà bíi rẹ̀ fún àmọ̀tẹ́kùn. Atọpasẹ̀ ẹranko máa ń jókòó sórí àga níwájú ọkọ̀ gan-an, ó ń ka ojú ẹsẹ̀ lórí yanrìn. Àjànàkú ò ní í kọjá kí ẹ wí pé ẹ rí nǹkan fìrí. Ṣùgbọ́n oṣù Karùn-ún sí Kẹsàn-án ni kí ẹ lọ, nígbà tí ewé ti rẹ̀. Oṣù Kejì jẹ́ àsìkò òjò wọn, igbó di, ooru mú. Físà wọn náà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ ò sì lè fi ọkàn balẹ̀ sanwó lọ́ọ̀jì títí á fi jáde. Èmi ò ní í mú un fún oṣù Kejì.

ỌmọPàkátà

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ó dà bíi pé Mole ló ń borí. Ẹ̀jẹ́ǹtì kan ti fún wa ní iye owó, ó ní "full board" ni. Kí ni kí n bi í? Báwo la ṣe máa sanwó láti ibí? Ọ̀rọ̀ halal àti ìrun náà ńkọ́?

Ọmọ Ẹrìn-Ilé

"Full board" jẹ́ oúnjẹ àti ibùsùn péré. Ìjáde sínú igbó lè máà sí nínú rẹ̀, owó géètì náà lè máà sí níbẹ̀. Ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ: ìjáde mélòó, owó igbó, ọkọ̀ láti Tamale àti àpadà, omi àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, owó orí tí ìjọba ń gbà.

Ẹ bi í bóyá ọkọ̀ àjùmọ̀lò ni tàbí ti ẹ̀yin nìkan. Bí owó bá wà nílẹ̀ tí ẹ fẹ́ fi kún nǹkan kan, ẹ má fi kún yàrá, ọkọ̀ ni kí ẹ fi kún. Nínú ọkọ̀ àjùmọ̀lò, bí ó bá rẹ Ìyá lẹ́yìn wákàtí kan, wọ́n máa jókòó títí àwọn tó kù fi tẹ́ lọ́rùn. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá àpótí ìtẹ̀sẹ̀ wà láti fi gun ọkọ̀ náà. Ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ tàbí àga àkọ́kọ́ ni kí Ìyá jókòó sí. Àga ẹ̀yìn ló máa ń fò jù, ẹ̀yìn àgbàlagbà ò lè gbà á. Ẹ tọrọ yàrá tó sún mọ́ ilé oúnjẹ jù, kí ẹ sì béèrè iye àtẹ̀gùn tó wà láàárín. Níbi tí kò bá sí ọgbà yíká, ẹ̀ṣọ́ ló gbọ́dọ̀ máa sìn yín lálẹ́, ìrìn gígùn nínú òkùnkùn ò sì dùn fún orúnkún.

Owó: àsansílẹ̀ bí ìdá 30 nínú 100 ló wọ́pọ̀, ìyókù oṣù kan tàbí méjì ṣáájú. Orúkọ iléeṣẹ́ ni àkáǹtì náà gbọ́dọ̀ jẹ́. Ẹ fi nọ́ńbà tó wà lórí wẹ́ẹ̀bù lọ́ọ̀jì fúnra rẹ̀ pè wọ́n, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti fi yàrá pamọ́ lórúkọ yín lóòótọ́. Bí ẹ bá fi dọ́là ránṣẹ́ láti àkáǹtì dọ́mù yín, ẹ ní kí báǹkì fi owó ìfiránṣẹ́ sí "OUR", ìyẹn ni pé ẹ̀yin lẹ máa san gbogbo owó ìfiránṣẹ́ náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, báǹkì tó wà láàárín á yọ tirẹ̀, lọ́ọ̀jì á ní owó ò pé.

ÌyáÌgbómìnà

Ẹ kọ halal sínú ìwé nígbà tí ẹ bá ń gba yàrá, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá débẹ̀. Oúnjẹ inú igbó kì í ti ẹ̀gbẹ́ ilé wá. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń kó o, wọn ò sì lè wá ẹran tuntun lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà. Ìrun Àsùbá ò ní í dí ìjáde àárọ̀ lọ́wọ́. Fún Mọ̀ńgàríbì, ẹ sọ fún afinimọ̀nà kí ẹ tó jáde: kó dúró níbi tó tẹ́jú, kó yẹ ilẹ̀ wò, kí ẹ kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ẹ má rìn jìnnà.

Àmọ́ ẹ tún kàlẹ́ńdà wò o. Ààwẹ̀ Ramadan 2027 máa bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejì. Ìrìn nínú oòrùn Mole lórí ààwẹ̀, pẹ̀lú ẹni tó lé ní 70? Ẹ fà á sí ìdajì ìkẹyìn oṣù Kíní. Ọ̀gbẹlẹ̀ náà ni, erin wà létí omi.

Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú: ó gbọ́dọ̀ tó ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó kọjá ibodè. Ẹni tó ti gbà á rí, tí yẹ́lò káàdì rẹ̀ ṣì wà, kò ní í gba òmíràn. Láti 2016, títí ayé ni. Ẹ mú káàdì náà gan-an dání. Fún Ìyá, ẹ bi dókítà nípa oògùn ibà ṣáájú, ẹ má sọ pé ẹ̀fọn ilé wa ti mọ̀ yín lára.

ỌmọPàkátà

Ramadan! Kò tilẹ̀ wá sí wa lọ́kàn. Ìparí oṣù Kíní ni nígbà náà. Aṣọ wo ni ká mú?

ỌdẹKwara

Aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ tàbí ewé gbígbẹ, alápá gígùn, àti súwẹ́tà fún òwúrọ̀ ọyẹ́. Ẹ fi aṣọ aró àti dúdú sílẹ̀ nílé, eṣinṣin tsetse fẹ́ràn àwọ̀ méjèèjì. Aṣọ tó jọ ti sójà náà, ẹ má gbé e; ó lè dá wàhálà sílẹ̀ ní ibodè. Bí ẹ bá fẹ́ ra awò tó ń fa ọ̀nà jíjìn mọ́ni, 8x42 (tó ń mú nǹkan sún mọ́ni ní ìlọ́po mẹ́jọ) tó. Èyí tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ á máa gbọ̀n lọ́wọ́ Ìyá.