Ṣé mo lè ṣe ríṣáàṣì lórí irin láìní másítà?

Ọmọ Ṣàgámù: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ àlòkù irin fi ṣe rọ́ọ̀dù ni mo wà, èmi ni mo ń fi rọ́ọ̀dù sẹ́nu máṣíìnì tó máa fà á títí á fi já, ojú ibẹ̀ á kọ́kọ́ tín-ín-rín bí ọrùn ìgò kó tó dún gbàù, àmọ́ òmíì á kàn ṣẹ́ láìfà rárá, ó wù mí kí n mọ ìdí ẹ̀. Mechanical engineering ni mo kà.

Bọ̀ọ̀dá Òde: Àbúrò, ó ṣeé ṣe. Ní Amẹ́ríkà ọ̀pọ̀ yunifásítì ń gbà yín látorí dìgírì àkọ́kọ́ bọ́ sí PhD, owó ríṣáàṣì ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n sábà fi ń san school fees àti owó oṣù ẹ. Ka iṣẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà dáadáa kó o tó kọ ímeèlì sí wọn, kó o sì sọ ti rọ́ọ̀dù tó ń ṣẹ́ yẹn bó o ṣe sọ ọ́ yìí gan-an.

Àǹtí Ìjẹ̀bú-Igbó: Jámánì náà dáa, ilé ìwádìí Max Planck kan wà ní Düsseldorf, látọdún 1917 ni wọ́n ti ń yẹ irin wò. Ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń bèèrè másítà o, DAAD, àjọ Jámánì tó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní scholarship, ni kó o kọ́kọ́ wò.

Ọmọ Ṣàgámù: Ẹ ṣé gan-an, lálẹ́ òní ni màá bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà.