Àwọ̀ ara èèyàn ń pọ́n jù nínú fídíò raw mi, ẹ ràn mí lọ́wọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá nídìí àtúnṣe fídíò. Blackmagic RAW (irú fídíò raw kan, tí kámẹ́rà kò tíì parí àwọ̀ rẹ̀) ni mo ń tún ṣe nínú DaVinci Resolve, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún fídíò ṣe. Pé àwọ̀ rẹ̀ ṣá nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí i kò yà mí lẹ́nu, log ṣáà ni, ìyẹn ọ̀nà ìgbàwòrán tó ń mú kí àwọ̀ ṣá kí a lè tún un ṣe tó bá yá. Mo fi Color Space Transform (irinṣẹ́ tó ń gbé àwọ̀ láti ìlànà kan sí òmíràn) gbé e lọ sí Rec.709, gamma 2.4, ìyẹn ìlànà àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ ti tẹlifíṣọ̀n. Dúdú àti funfun bọ́ sípò, àmọ́ àwọ̀ ara èèyàn kọ̀ jálẹ̀: ẹni tó dúdú dáadáa wá pọ́n bí ẹni tó fi osùn para. Vectorscope, àtẹ tó ń fi àwọ̀ inú àwòrán hàn, náà jẹ́rìí sí i. Nígbà tí mo fa white balance (ìwọ̀n tó ń mú kí funfun jẹ́ funfun) láti 5600K wá sí 4800K, àwọ̀ ara sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri funfun ẹ̀yìn rẹ̀ di búlúù. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé àti gílóòbù LED ló jọ wà nínú yàrá náà. Mo fura sí àdàlù ìmọ́lẹ̀ yìí.

Ṣé inú Camera RAW (ojú ibi tí Resolve ti ń tún fídíò raw ṣe) ni kí n ti fi tint, tó ń fa àwọ̀ sápá ewé tàbí màjẹ́ńtà, tún un ṣe, àbí kí n ya àwọ̀ ara nìkan sọ́tọ̀ sórí node (ìpele àtúnṣe) mìíràn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n lọ wá LUT, fáìlì àtúnṣe àwọ̀ tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀; èyí tó bá fídíò kan mu lè ba òmíràn jẹ́.