Ẹ sọ tiyín: ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bàlúù da ọkàn yín rú

Ìyá Àlàbá, Ìkòròdú

Ẹ̀rù inú dánfó àti ọkọ̀ ojú omi ni àwọn èèyàn sábà máa ń sọ. Tèmi, inú bàlúù lókè ló ti ṣẹlẹ̀.

Àbújá ni mo ti ń bọ̀, mo lọ bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe ìsọmọlórúkọ. A ti dé orí Èkó, mo ti ń rí òrùlé, ọkàn mi ti wà ní Máìlì 12, bí màá ṣe kọjá kí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ tó le. Àfi bí bàlúù ṣe bú, tó tún gbé orí sókè. Ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan. Nígbà tó ṣe, páílọ́ọ̀tì ní iná tó yẹ kó fi hàn pé ẹsẹ̀ iwájú, èyí tí táyà wà nídìí rẹ̀, ti jáde, tó sì ti há dáadáa, kò tàn. Àwọn máa yí po díẹ̀ ná.

Ṣé irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ féèyàn lókè nìyẹn?

A yí po títí. Mo rí ọ̀sà lábẹ́ wa, mo rí ọkọ̀ tó ń lọ sí Ẹ̀bútẹ́, mo ní Olúwa, ilé mi nìyí nísàlẹ̀. Alhájì tó jókòó tì mí ń fa tẹ̀sùbáà, èmi ń ka Sáàmù; nígbà tó yá, mo ń ṣe àmín sí tiẹ̀. Nígbà tí a yí i lẹ́ẹ̀karùn-ún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú páílọ́ọ̀tì. Kí ló ń wá kiri? Ṣebí kó gbé e balẹ̀!

Ó gbé e balẹ̀. Panápaná ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bíi pé gómìnà ń bọ̀. Táyà ẹ̀yìn kanlẹ̀, ó pẹ́ kí tiwájú tó kàn án. Ó dúró. Ẹsẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, iná ló kú.

Mo délé laago mẹ́wàá alẹ́. Ọkọ mi ní kí ló dé? Mo ní sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ni.

Bọ̀dá Mẹkáníìkì, Ìgbógbó

Ìyá Àlàbá, ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ páílọ́ọ̀tì yẹn o. Mo tún bàlúù ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Iná aláwọ̀ ewé mẹ́ta ló wà níwájú wọn, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan ò bá tàn, wọ́n á tún gòkè, wọ́n á ṣíwèé, wọ́n á máa tẹ̀ lé e ní ìlà-ìlà. Bó bá jẹ́ haidirọ́líìkì, ìyẹn agbára epo inú páìpù tó ń ti ẹsẹ̀ jáde, ló kọṣẹ́, ohun kan wà tí wọ́n ń fà láti tú ìkọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ á sì fi ìwúwo ara rẹ̀ já bọ́. Bí wọ́n ṣe ń yí po, epo tí bàlúù ń lò náà ń jó tán lọ, kó lè fúyẹ́ kó tó balẹ̀. Ní Los Angeles, oṣù Kẹsàn-án ọdún 2005, táyà iwájú bàlúù A320 kan yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó yí po ju wákàtí méjì lọ torí irú bàlúù yẹn kò lè da epo nù. Èèyàn 146 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ń wo ara wọn lórí tẹlifíṣọ̀n ìdí àga! Kò sẹ́ni tó fara pa.

Yíyí po náà léwu tirẹ̀ ṣá. Lọ́dún 1972, nítòsí Miami, gílóòbù iná ẹsẹ̀ tó jó ni gbogbo àwọn tó ń wa bàlúù kan tẹjú mọ́, kò sẹ́ni tó rí i pé bàlúù ń sọ̀ kalẹ̀. Èèyàn 101 kú.

Tèmi? A gbé bàlúù kan sórí jáàkì, a ń ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, kò ṣe nǹkan kan. Ìdọ̀tí bíńtín lójú sẹ́ńsọ̀, ohun tó ń sọ fún iná pé ẹsẹ̀ ti jáde, ló ń purọ́ fún wa.

Bàbá Sùàdì, Ìjẹ̀dé

Táyà lẹ̀rù tèmi. Ti Jeddah, 1991: afẹ́fẹ́ táyà ò tó, ó gbiná níbi tí bàlúù ti ń sáré gbéra, wọ́n ká ẹsẹ̀ wọlé tòun tiná. Èèyàn 261 ló kú, àwọn alálàájì wa ló pọ̀ jù nínú wọn. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá fẹ́ wọ bàlúù, táyà ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ọmọ mi ní kí ni mo mọ̀ níbẹ̀.

Ìyá Àlàbá, Ìkòròdú

Bọ̀dá, mo ti tọrọ àforíjì. Ọkọ mi ti ka ibí yìí o. Ó ní òun ò mọ̀ pé sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ wà lókè náà.