Àgbónájù ni, kì í ṣe ìgbónájù

Ẹ̀yin elédè mi,

Láti ìjẹta ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ láìdá sí i, ṣùgbọ́n sùúrù mi ti tán lórí "ìgbónájù" yìí. Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ẹ̀gbọ́n wa kan kọ ìmọ̀ràn fún àwọn tó ń wa ògbólógbòó ọkọ̀, lórí bí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò ṣe ní máa gbóná kọjá bó ṣe yẹ. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe. Àmọ́ wọ́n dá ọ̀rọ̀ tuntun mẹ́ta síbẹ̀: "ìgbónájù" fún ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ófáhíìtì, "amẹ́ńjìnìtutù" fún kúláǹtì tí a ń pò mọ́ omi rédíétọ̀, "aṣọ́ru" fún tẹmositáàtì tó ń ṣí ọ̀nà fún omi náà. Àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́. Èmi ò rí ohun tí mo fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún.

Ẹ jẹ́ ká mú "ìgbónájù". Níbo lẹ ti gbọ́ ọ rí pé "jù" tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe tán, tí a wá fi "ì-" ṣíwájú rẹ̀? Àṣejù là ń wí, àjẹjù, àsọjù, àpọ̀jù. Kò sẹ́ni tó jẹ́ pa á lówe pé "ìṣejù, baba ìṣetẹ́". Ẹ̀gbọ́n fèsì pé "ìgbóná" ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, "jù" nìkan làwọn fi lé e lórí. Ìyẹn gan-an ló bà á jẹ́. Ìgbóná tó ti wà nílẹ̀ yẹn, àìsàn ṣọ̀pọ̀ná ni, èyí tí àjọ WHO kéde lọ́dún 1980 pé ó ti kúrò láyé, tí àwọn àgbà kì í sì í fẹ́ fẹnu pè nígbà tó ṣì ń pààyàn. Ṣé ẹ wá fẹ́ kó tún gba inú ẹ́ńjìnì padà wá, pẹ̀lú "jù" lẹ́yìn rẹ̀? "Àgbónájù" ni ọmọ ìyá àṣejù. Ẹni tó bá ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó fi "ì-" bẹ̀rẹ̀ tó sì fi "jù" parí, kó mú un jáde, mo ń retí.

Àbúrò wa kan ní ká kúkú máa pè é ní "híhó", nítorí omi rédíétọ̀ ló ń hó. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni híhó, ọ̀tọ̀ ni gbígbóná jù. Omi lásán ń hó ní dígírì 100 Celsius. Ìdérí rédíétọ̀ tó bá ṣì le dáadáa á há omi náà mọ́, kò ní fún un láyè láti hó, tó bá sì jẹ́ pé kúláǹtì ni ìdajì rẹ̀, ó lè kọjá 120 kó má tíì hó. Nípa bẹ́ẹ̀, ọwọ́ gééjì tó ń fi ooru ẹ́ńjìnì hàn lè ti wọ ibi pupa kí ohunkóhun tó hó. Ìdérí tí rọ́bà rẹ̀ ti gbó ńkọ́? Omi lè hó lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Èyí tó léwu jù lọ ni kí omi ti jò tán. Kò sí ohun tó kù tó fẹ́ hó. Ọwọ́ gééjì gan-an lè wálẹ̀, nítorí ohun tó ń wọn ooru ò sí nínú omi mọ́, irin sì ń jóná lọ ní tirẹ̀. Híhó dà níbẹ̀, àbúrò?

Ó wá ku "amẹ́ńjìnìtutù". Ara "amúlétutù" ni wọ́n ti rí i, ó hàn. Ilé la fẹ́ kó tutù. Ta ló fẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù? Ibi tí ooru rẹ̀ ti bára mu, nǹkan bíi dígírì 90 ni. Ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, epo tó ń jó á pọ̀ sí i, ọ́ìlì ò ní ṣàn bó ṣe yẹ, irin á sì máa jẹ irin. Kí n tó máa kọ́ni ní gírámà, mo fi ọwọ́ ara mi tú rédíétọ̀ lábẹ́ àgbà mẹkáníìkì kan tí kò ka ìwé kankan. Ohun tó máa ń wí ni pé ẹ́ńjìnì tí kò gbóná kò tíì jí. Gbólóhùn yẹn ju gbogbo "tutù" tí ẹ ń tò jọ yìí lọ. Àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ò dá ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀, wọ́n kàn mọ ohun tí wọ́n ń wí ni.

Ẹ tún wo àwòkọ náà fúnra rẹ̀. Tí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná jù lójú ọ̀nà, amúlétutù inú ọkọ̀ gan-an lẹ ó kọ́kọ́ pa, nítorí rédíétọ̀ kékeré tirẹ̀ wà níwájú ti ẹ́ńjìnì, ooru tó kó nínú ọkọ̀ ló ń tú sínú atẹ́gùn tí ẹ́ńjìnì ń retí. Ẹ ó wá tan hítà dé òpin, kó fa díẹ̀ nínú ooru náà sọ́dọ̀ yín, títí ẹ ó fi ríbi dúró sí tí ẹ ó pa ẹ́ńjìnì. Àwọn méjèèjì, ooru ni wọ́n ń gbé láti ibì kan lọ síbòmíràn. Kúláǹtì náà, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. "Agbóoru" ni mo fi sílẹ̀: a-gbé-ooru. Tí ẹnì kan bá ní ó le jù lẹ́nu, kó lọ pe "amẹ́ńjìnìtutù" lẹ́ẹ̀mẹta láìmí.

Mi ò fi gírámà nìkan bínú sí "tutù". Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ sínú ìmọ̀ràn wọn pé tí ẹ́ńjìnì bá ń gbóná jù, kí a yọ "aṣọ́ru" sọnù. "Tutù" ló tì wọ́n débẹ̀. Ìda ló wà nínú tẹmositáàtì. Tí ooru bá dé nǹkan bíi 82 sí 92, bí wọ́n bá ṣe ṣe é, ìda náà á wú, á tì í ṣí, omi á ráyè kọjá sí rédíétọ̀. Èyí tó bá ti kọ̀ tí kò ṣí mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn ẹ́ńjìnì kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé òun ló ń dí ọ̀nà àbùjá fún omi gbígbóná. Ẹ yọ ọ́ tán, apá kan omi á kàn máa yí ká inú ẹ́ńjìnì láìdé rédíétọ̀, ooru tí ẹ ń sá fún á sì pọ̀ sí i.

Orúkọ tí ẹ sọ ọ́ wá ńkọ́? Ooru, "o" méjì ló wà ńbẹ̀. Àwọn ìwé àtijọ́ fi àmì fàágùn sórí ẹyọ kan, àkọtọ́ ọdún 1974 ní ká kọ méjèèjì síta. Ẹ pa ọ̀kan jẹ, "aṣọ́ru" tí ẹ kọ yìí di ẹni tó ń ṣọ́ òru. Ẹni tó ti lọ ìṣọ́ òru rí á bi yín pé kí ni ẹ́ńjìnì ń wá níbẹ̀. Tó bá di dandan, "aṣọ́oru".

Níbi tí mo ti fẹ́ dìde ní ìjókòó nìyí. Wọ́n kọ ọ́ láìsí àmì ohùn kankan: "E ma si ideri redieto nigba ti enjini ba gbona." Ẹ̀gbọ́n, ṣé "ẹ má ṣí" ni, àbí "ẹ máa ṣí"? Ọ̀kan nínú méjèèjì yóò tú omi híhó sójú ẹni tó bá ṣe é. Mo mọ̀ pé "má" lẹ ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí èéfín ń bò ó, ṣé òun mọ̀? Ẹ ní àmì ohùn ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ dúró kí ó tutù (ibí gan-an ni "tutù" wúlò), kí ẹ tó fọwọ́ kan ìdérí.

Ìyókù ìmọ̀ràn wọn dára: bẹ́líìtì tó dẹ̀, họ́ọ̀sì tó ti rọ̀, fáànù tí kì í tan, rédíétọ̀ tí ìdọ̀tí ti dí. Omi ẹ̀rọ lásán tí a ń dà sí i lójoojúmọ́ ni wọn ò bá wí tó, nítorí èérún inú rẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ rédíétọ̀ títí á fi dí. Tí ọ́ìlì bá ti funfun, tí èéfín funfun sì ń jáde lẹ́yìn láìdáwọ́ dúró, ó ṣeé ṣe kí gáàskẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnì ti lọ, kò sí orúkọ tí ẹ lè pè é tí á tún un ṣe.

Ẹni tó ní kí gbogbo wa dákẹ́ nítorí pé òun gboyè nínú Yorùbá, mo kí i. Òun kan náà ló ní "gba" àti "iná" ló di "gbóná". Kó kọ́kọ́ sọ ibi tí "ó" tó wà láàárín yẹn ti wá, kó má fi ìwé ẹ̀rí dá mi lóhùn.

Títí ẹ ó fi fẹnu kò, tẹmositáàtì ni n ó máa pè é níwájú mẹkáníìkì, kó má baà yọ nǹkan mìíràn.