Àbúrò mi kì í jẹun àárọ̀ kó tó lọ kíláàsì, kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àkúrẹ́ ni mò ń gbé. Àbúrò mi obìnrin wà ní ọdún kejì ní yunifásítì níbí. Aago 8 ni kíláàsì rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀, kò sì ní fẹnu kan nǹkan kan títí di aago 1 ọ̀sán. Bó bá wá jẹun, búrẹ́dì àti mínírà ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òòyì kọ́ ọ nínú kíláàsì, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní òun ń gbọ́ ohùn olùkọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò yé òun. Ọkàn mi ò balẹ̀ látìgbà náà. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́ jù, ọpọlọ nìkan sì ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára ara wa. Ẹni tó jẹun alẹ́ ní aago 7, tí kò tún jẹ títí di aago 1, wákàtí 18 nìyẹn!

Nílé, màmá wa kì í jẹ́ ká jáde láìmu ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ní oúnjẹ àárọ̀ máa ń mú òun sùn ní kíláàsì, àti pé gáàsì ti wọ́n. Kò ní fíríìjì pẹ̀lú.

Mo ti ra ẹ̀pà sísun fún un, mo sì ní kó máa se ẹyin sílẹ̀ lálẹ́. Kí ni ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti la yunifásítì kọjá máa ń jẹ tí kò gba owó, tí kò gba àkókò? Ṣé kí n sì mú un lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ná?